Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ: Ẹ̀KỌ́ TÍ ỌMỌ WA TI KỌ́ GBỌ́DỌ̀ KÀ FÚN UN

Ọ̀rọ̀ tí olùṣètò ẹgbẹ́ wa bá àwọn ará ìlú sọ ní ìpàdé wọ́ọ̀dù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín fún ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá.

 

Ìgbà ìbò nìyí. Ẹ ó rí àpò ìrẹsì, ẹ ó rí ankara, ẹ ó sì gbọ́ orin lóríṣiríṣi. Èmi kò gbé ìrẹsì dání. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú yín. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ti kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí ní pólì ni, tó yege, tó gba ìwé ẹ̀rí, tó wá fẹ́ lọ sí yunifásítì, tí wọ́n ní kó padà sẹ́yìn lọ tún ohun tó ti mọ̀ kà.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ẹ gba Ìkìrun wá, bí ẹ gba Ẹdẹ wá, bí ẹ gba Iléṣà wá, gbogbo yín lẹ ó dé Òṣogbo. Kò sí ẹni tí yóò dá ẹni tó gba Ẹdẹ wá dúró lẹ́nu ọjà, kó ní, "Padà sí Ẹdẹ, lọ tún ìrìn náà rìn kí n tó gbà pé o rìn." Bẹ́ẹ̀ ohun tí a ń ṣe fún àwọn ọmọ wa gan-an nìyẹn.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE RÍ

Ẹ jẹ́ ká ka márùn-ún nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ wa. Èkíní, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006. Èkejì, Yunifásítì Iléṣà, tó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ títí di 2022. Ẹ̀kẹta, Pólì Ìrèé. Ẹ̀kẹrin, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ẹ̀sà-Òkè. Ẹ̀karùn-ún, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti Ìlá-Ọ̀ràngún. Ìjọba kan náà ló ni márààrún. Àpò kan náà ni owó ìrànwọ́ wọn ti ń jáde, owó yín sì ló wà nínú àpò náà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fi ọ̀kan sílẹ̀ tó fẹ́ wọ òmíràn, ńṣe ló ń dà bí ẹni tó fẹ́ kọjá ẹnubodè sí ilẹ̀ àjèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan fi ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Fọlákẹ́. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, Fọlákẹ́ pọ̀ ní gbogbo wọ́ọ̀dù. Ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, máàkì JAMB rẹ̀ kò tó ti yunifásítì, ó wá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ láti gba NCE. Ọdún 3 ló fi ṣe é. Ó kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ, ó kọ́ ìṣesí ọmọdé, ó sì lọ dúró níwájú kíláàsì, tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ wá ń wò ó bó ṣe ń kọ́ni. Ó yege.

Fọlákẹ́ wá ra fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́dọ̀ JAMB. Iṣẹ́ tó kọ́ náà ló fẹ́ fi gba dìgírì, kò yà sí ibòmíràn. Ọmọ tó ń ti ilé-ẹ̀kọ́ girama bọ̀ yóò lo ọdún 4 lórí dìgírì náà. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ọdún kejì ni wọ́n máa ń fi ọlọ́jà NCE bíi Fọlákẹ́ sí. Ìyẹn ni pé yóò tún lo ọdún 3. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọdún 3 àti ọdún 3, ọdún 6. Ọdún 3 ló kà, ọdún 1 ṣoṣo ni wọ́n kà fún un. Ọdún 2 ti wọ igbó lọ.

Ẹ wò ó sí ti ọmọ pólì. Ọmọ tó kọ́ ìṣirò owó fún ọdún 2 tó gba ND, bó bá fẹ́ lọ kọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì, ọdún kejì ni wọ́n ń gbé e sí, ọdún 3 sì kù fún un. Ọdún 2 ló kà, ọdún 1 ni wọ́n kà. Bó bá wá sọ pé òun yóò kúkú parí rẹ̀ ní pólì, yóò fi ọdún 1 ṣiṣẹ́ níta lẹ́yìn ND, yóò sì padà wá lo ọdún 2 láti gba HND. Ọdún 5 nìyẹn, ọdún 4 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti inú kíláàsì, bí ti ẹni tó gba dìgírì. Síbẹ̀, bó bá fẹ́ gba dìgírì lórí iṣẹ́ kan náà, àwọn kan yóò ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì, àwọn kan yóò ní ọdún kẹta. Bó bá jẹ́ oyè ọ̀gá ló fẹ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì yóò ní kó kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí mìíràn láàárín.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé òkùnkùn ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọmọ kò mọ iye tí wọ́n máa kà fún un títí wọ́n á fi gbà á wọlé. Ẹ̀ka kan lè ka kọ́ọ̀sì kan fún un, kí ẹ̀ka tó wà ní yàrá kejì kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ta ni yóò bèèrè? Ìwé wo ló fi máa bèèrè? Ó ti sanwó yàrá, ó ti ra ìwé. Ó ti débi tí kò lè padà sí, ni yóò bá jókòó tún un kà.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tó wà ní yunifásítì pẹ̀lú. Ẹ rántí 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ ASUU fi oṣù 8 daṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ ṣí lọ síbi tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí níláti ro ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ fún un ṣáájú iye tí yóò bá a lọ nínú ohun tó ti kọ́. Ọmọ kì í ṣe igi tí a gbìn. Bí òbí rẹ̀ ṣí, bí ọkọ rẹ̀ ṣí, bí àìsàn mú kó padà wálé, ó yẹ kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè bá a lọ.

KÓŃGÒ MẸ́TA NÍNÚ ỌJÀ KAN

Ẹ lè máa wí nínú yín pé, "Ṣé ẹ̀kọ́ wá ṣeé wọ̀n bíi gàrí ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n tipẹ́. Yúnìítì ni wọ́n ń pe ìwọ̀n náà. Kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi wákàtí 1 kọ́ lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15, yúnìítì 1 ni ní yunifásítì. Bó bá jẹ́ wákàtí 2 lọ́sẹ̀, yúnìítì 2. Ní yunifásítì wọ́n ń ka yúnìítì, ní pólì wọ́n ń kà á, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wọ́n ń kà á. Ẹ bi ọmọ yín léèrè, yóò sọ iye tó ní fún yín.

Nítorí náà, kóńgò wà lọ́jà. Ìṣòro wa ni pé kóńgò mẹ́ta ló wà, ọlọ́jà mẹ́ta ló sì mú wọn dání, kálukú ní tirẹ̀ ni kóńgò gidi. Ìgbìmọ̀ NUC ló ń bójú tó yunifásítì. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1962, òfin sì fún un lágbára ní 1974. NBTE ló ń bójú tó pólì láti 1977. NCCE ló ń bójú tó kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ láti 1989. Ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀ tó sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́. JAMB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, ń ṣílẹ̀kùn ni, iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni láti ka ohun tó wà nínú ẹrù ọmọ.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ dá mi lóhùn o. Bí ẹ bá ra gàrí kóńgò 9 ní ọjà Ìlá, tí ẹ gbé e dé Òṣogbo, tí wọ́n wọ̀n ọ́n níwájú yín tí wọ́n ní kóńgò 3 ni, kí lẹ máa ṣe? Ẹ ó pariwo olè! Ẹ ó pe ìyálọ́jà. Wọ́n á gbé kóńgò méjèèjì kalẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, wọ́n á da ti ibí sínú tọ̀hún, títí a ó fi mọ iye tí kóńgò Ìlá jẹ́ nínú kóńgò Òṣogbo. Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè fún kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ gbé àwọn kóńgò náà kalẹ̀ níwájú wa.

TA LÓ Ń SAN OWÓ RẸ̀?

Ẹ̀yin lẹ̀ ń san án. Ọdún kan tí ọmọ fi tún ẹ̀kọ́ kọ́ kì í ṣe owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Owó yàrá wà níbẹ̀, owó oúnjẹ, owó ọkọ̀, owó ìwé. Bàbá tó ti ta kòkó ọdún yìí yóò tún fi ti ọdún tó ń bọ̀ dúró. Àbúrò Fọlákẹ́ tó yẹ kó wọlé yóò jókòó sílé dè é.

Ìjọba náà ń san án. Owó tí ìpínlẹ̀ fi kọ́ Fọlákẹ́ ní ohun kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìpínlẹ̀ kan náà tún ń ná an láti kọ́ ọ ní ohun kan náà ní yunifásítì. Àga tó jókòó sí lọ́dún náà, ọmọ mìíràn ì bá jókòó síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá gba owó orí lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan, ẹ ó gbé rìsíìtì jáde. NCE ọmọ yín ni rìsíìtì o! Kí ló dé tí wọn kò wò ó?

Gbèsè náà tún wà níbẹ̀. Láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń yá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lówó nípasẹ̀ NELFUND. A kò bú ètò náà, ó ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ọdún kan tí ọmọ tún kà lórí ohun tó ti mọ̀, gbèsè ọdún kan ni, òun náà ni yóò sì san án nígbà tó bá ríṣẹ́.

Èyí tó dun àwọn ọ̀dọ́ jù ni ti ọjọ́ orí. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ti ju ọmọ 30 ọdún lọ nígbà tó gboyè kì í ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́, ìwé pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ ni wọ́n ń fún un. NCE àti ND kò sì tó láti fi ṣe é. Ẹ padà sọ́dọ̀ Fọlákẹ́. Ó jáde girama ní ọmọ ọdún 18. Ó fi ọdún 2 bá JAMB jà, ó di 20. NCE gba ọdún 3, ó di 23. Kò sówó, ó lọ fi ọdún 4 ṣe tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ó ń kó owó jọ díẹ̀díẹ̀, ó di 27. Ó wọ yunifásítì, ọdún 3, ó di 30. Bí ìdaṣẹ́sílẹ̀ oṣù 8 bá ṣẹlẹ̀ láàárín rẹ̀, ó ti rékọjá. Ká ní ọdún 2 ni wọ́n kà fún un nínú ọdún 3 tó kà, ọdún 2 ni ì bá lò, kò ní tí ì pé 30 bí ìdaṣẹ́sílẹ̀ tilẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ọdún 1 péré ni! Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ló sì ń béèrè ìwé àgùnbánirọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wá iṣẹ́ wá.

Ẹ kíyè sí i pé ọmọ olówó kì í bọ́ sí ọ̀fìn yìí. Ọmọ olówó yóò ṣe ẹ̀kọ́ àfikún, tàbí kó lọ sí yunifásítì aládàáni, tàbí kó wọkọ̀ òfuurufú lọ. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ aláàárù, ọmọ oníṣòwò kékeré ló ń gba kọ́lẹ́ẹ̀jì àti pólì, nítorí ó sún mọ́lé, kò sì wọ́n jù. Ọ̀nà mẹ̀kúnnù ni, òun náà ni wọ́n sì gbé igi dí.

ṢÉ Ó ṢEÉ ṢE?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ tuntun nìyí. Nílẹ̀ Yorùbá níbí ni wọ́n ti ṣe ohun tó jọ ọ́ rí.

Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Ashby jábọ̀ ní 1960 pé orílẹ̀-èdè yìí nílò olùkọ́ púpọ̀ sí i, wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbà fún àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1962. Ní 1964, wọ́n gbé e lọ sí Oǹdó, òun ló di Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Adéyẹmí wà lábẹ́ yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ jókòó ní Oǹdó, olùkọ́ Oǹdó kọ́ ọ, dìgírì Ifẹ̀ ló gbà. Ifẹ̀ kò wó. Orúkọ Ifẹ̀ kò bàjẹ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Ifẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń kọ́ ní Oǹdó, wọ́n fọwọ́ sí i, ó parí.

Ẹ wo Ìrèé àti Ẹ̀sà-Òkè. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, ẹ̀ka Pólì Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n rí. Pínpín ìpínlẹ̀ ló gbé odi sáàárín wọn, ìmọ̀ inú ìwé kò yí padà.

Ẹ wo Iléṣà wa níbí. Títí di 2022, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Òfin jáde, ó di yunifásítì. Lórí ilẹ̀ kan náà ni o, láàárín ìlú kan náà. A yọ̀ fún Iléṣà, ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín léèrè pé bí ìjọba bá lè fi òfin sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì odindi di yunifásítì, ṣé kíka kọ́ọ̀sì ọmọ kan ló wá nira?

Ní òkè òkun, àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà lè jẹ́rìí. Ní ìpínlẹ̀ Florida, láti àwọn ọdún 1970 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ti ń fún kọ́ọ̀sì tó jọra ní nọ́ńbà kan náà, ìbáà jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú kékeré, ìbáà jẹ́ yunifásítì ńlá. Ọmọ tó bá fi ọdún 2 gba ìwé ẹ̀rí tó yẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní àyè láti wọ ọdún kẹta ní yunifásítì ìjọba níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti 1989 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n kan tó ń jẹ́ kí ọmọ gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Iṣẹ́ ọdún kan jẹ́ 60 nínú ìwọ̀n náà. Bí ẹ̀kọ́ bá lè ti Faransé dé Jámánì láìdànù, kí ló dé tí kò lè ti Ìlá dé Òkukù?

ÀWỌN TÓ Ń ṢIYÈMÉJÌ

Àwọn kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kò jinlẹ̀ tó ti yunifásítì. A kò ní bá wọn jà. Àwọn ni wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, òótọ́ sì lè wà níbẹ̀ fún kọ́ọ̀sì mìíràn. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá kù ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, télọ̀ a máa fi aṣọ lé e ni, kì í ya gbogbo rẹ̀ dànù. Kí wọ́n gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tó bá pé, kí wọ́n kà á. Ibi tó bá kù díẹ̀, kí ọmọ ṣe àfikún níbẹ̀ nìkan. Ibi tí kò bá jọra rárá, kí ó kọ́ ọ. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n fún ọmọ ní ohun tí kò ṣiṣẹ́ fún.

Àwọn mìíràn ní, "Ìjọba ìpínlẹ̀ kò lè pàṣẹ fún JAMB tàbí NUC." Òótọ́ ni, a kò sì ní purọ́ fún yín. Gómìnà kankan kò lè pàṣẹ fún wọn. Yunifásítì Ifẹ̀ àti Pólì Ẹdẹ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ kò sí lábẹ́ òfin Òṣogbo. Ṣùgbọ́n òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣe òfin dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀ sílẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ ló bí ilé-ẹ̀kọ́ márùn-ún tí mo kà yẹn. Kò sì sí ohun tó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ tí bàbá kan náà bí má jókòó papọ̀ kí wọ́n ṣe àdéhùn lórí ohun tí wọ́n ń kọ́, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá rú ìlànà NUC, NBTE àti NCCE. Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń pè ní Sẹ́nétì ló ń pinnu kọ́ọ̀sì tí wọ́n máa kà fún ọmọ. Ojúṣe wọn ni, a ó sì jẹ́ kó wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí a ní kó yí padà ni pé kí wọ́n pinnu rẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ayé rí i.

Àwọn tí wọ́n wà lórí àléfà ní àwọn ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀kọ́. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn, wọ́n kun ún lọ́dà, wọ́n pe oníròyìn. Gbọ̀ngàn dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí kò gba bíríkì, kò gba sìmẹ́ǹtì, kò ní ayẹyẹ ìṣíde. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi wù wọ́n.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA YÓÒ ṢE

Bí ẹ bá gbé wa wọlé, ohun tí a ó ṣe nìyí. Ẹ gé e kúrò nínú ìwé ìròyìn yìí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ fi mú wa.

1. A ó gbé àbá òfin lọ sí ilé aṣòfin pé kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ gbé ìwé kọ́ọ̀sì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n sì ṣe tábìlì kan: kọ́ọ̀sì yìí ní Ìlá jẹ́ kọ́ọ̀sì yìí ní Iléṣà, èyí ní Ìrèé jẹ́ èyí ní Òṣogbo. Àwọn olùkọ́ ni yóò ṣe é, kì í ṣe olóṣèlú.

2. Tábìlì náà yóò wà ní gbangba kí ọmọ tó ra fọ́ọ̀mù. Kí òbí lè mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé bí ọmọ òun bá gba kọ́lẹ́ẹ̀jì, iye ọdún tó máa kù fún un nìyí.

3. Ọmọ tó ní NCE pẹ̀lú èsì tó dára, tó fẹ́ tẹ̀ síwájú lórí iṣẹ́ kan náà, a fẹ́ kí ọdún kẹta jẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ níbikíbi tí tábìlì bá ti fi hàn pé ó tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọlọ́jà HND.

4. Bí wọ́n bá kọ kọ́ọ̀sì kan fún ọmọ, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé láàárín ọjọ́ 30, kí ó sì ní ibi tó lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

5. Ìwé èsì tí wọ́n ń pè ní transcript, láàárín ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, kí ilé-ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra wọn, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Kí a má rí ọmọ tó pàdánù ọdún kan nítorí bébà tó sùn sínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì.

6. Àwọn aṣojú wa ní Àbújá yóò gbé e dìde níwájú ìjọba àpapọ̀ pé kí NUC, NBTE àti NCCE fẹnu kò sórí ìwọ̀n kan fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba.

A ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ olùkọ́, ìṣirò owó, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ ìṣòwò, nítorí àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sún mọ́ ara wọn jù. Iṣẹ́ dókítà, iṣẹ́ agbẹjọ́rò, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn wọ̀nyẹn ní ìgbìmọ̀ tiwọn tó ní òfin tirẹ̀, a kò ní ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ wa.

Ẹnì kan lè ní, "Bẹ́ẹ̀ bá ṣe èyí, gbogbo ọmọ á sá kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ sí yunifásítì." Ẹ yí i padà wò. Lónìí, òbí ń sá fún kọ́lẹ́ẹ̀jì nítorí ó ń rò pé ọdún 3 ibẹ̀ yóò ṣòfò. Ọmọ ń jókòó sílé, ó ń ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, dípò kó lọ sí Ìlá. Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ Ìlá bá ti kà ní Òṣogbo, ọjọ́ náà ni Ìlá yóò kún. Olùkọ́ ibẹ̀ yóò ní iṣẹ́ ṣe, onílé ibẹ̀ yóò rí ayálégbé, ìyá olóúnjẹ ẹnu ọ̀nà yóò tà.

IṢẸ́ TÓ KÙ SÍ Ẹ̀YIN LỌ́WỌ́

Ìwọ̀-Oòrùn yìí ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn alátakò ìgbà náà ní kò lè ṣeé ṣe, wọ́n ní owó kò tó, wọ́n ní ta ni yóò máa bá bàbá lọ oko. Ó ṣeé ṣe. Ní 1979, wọ́n mú un dé ilé-ẹ̀kọ́ girama ní àwọn ìpínlẹ̀ tí UPN ń ṣe ìjọba, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà Bọ́lá Ìgè wà nínú wọn, tiwa sì wà nínú Ọ̀yọ́ nígbà náà. Àwọn wọ̀nyẹn ṣílẹ̀kùn fún wa. Iṣẹ́ tó kù ni pé kí ilẹ̀kùn yàrá kan ṣí sí yàrá kejì nínú ilé kan náà.

Nítorí náà, ẹ bá mi ṣe nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó bá wá bẹ̀ yín fún ìbò, láti ẹgbẹ́ yòówù, títí kan tiwa, ẹ bi í léèrè pé: "Bí ọmọ mi bá jáde ní Ìlá tàbí ní Ìrèé, ọdún mélòó ni ẹ ó kà fún un?" Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Èkejì, bí ọmọ yín bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ mú ìwé rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín. A fẹ́ kó wọn jọ, kọ́ọ̀sì tó kọ́ àti kọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kó tún kọ́, kí a lè gbé e síwájú àwọn aṣòfin. A kò ní sọ orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni síta. Ẹ̀kẹta, ẹ wo káàdì ìdìbò yín. Bí ó bá sọnù, bí ẹ bá ti ṣí ilé, ẹ lọ tún un ṣe kí àyè tó pa. Ìbò tí kò ní káàdì, ariwo ẹnu lásán ni.

Ẹ má ta á o. Owó tí wọ́n máa fi rà á kò tó owó yàrá ọmọ yín fún oṣù kan, ọdún 4 ni ẹ ó sì fi jẹ ẹ́ bí ìyà.

Ọmọ tó ti ṣiṣẹ́, kí iṣẹ́ rẹ̀ kà fún un. Ohun tí ẹgbẹ́ wa wí nìyẹn, kò sì sí ẹgbẹ́ tó yẹ kó tako ó.  A ó kórè ọmọ wa, a kò ní ṣòfò wọn. Ẹ dìde, ẹ dìbò.